Ibi tí iná òpó ti parí: ìrírí wa lójú ọ̀nà lóru

Awakọ̀ kan láti Kétu:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ewu ojú ọ̀nà lóru, ibi tí òkùnkùn ti ṣú biribiri ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ. Ibẹ̀ kọ́ ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Ibi tí iná òpó ti parí ni, nítorí pé ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ kì í tètè ríran nínú òkùnkùn, ọkọ̀ kò sì ní dúró dè é.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń kó èrò àti ẹrù láàárín Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀nà Pobẹ̀ àti Sakété yẹn, mo ti gbà á lóru tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé mo mọ ibi tí gbogbo kòtò rẹ̀ wà. Ní alẹ́ ọjọ́ ọjà kan, mo gbé ìyá mẹ́ta tí wọ́n ń ta ẹ̀wà àti gàrí, gbogbo wọn sì ti sùn lọ lórí àpò ẹrù wọn. A wọ ìlú kan tí iná ojú pópó rẹ̀ tàn bí ọ̀sán, ara tù mí, mo sì jẹ́ kí ọkọ̀ sáré dé 80 kìlómítà ní wákàtí kan. Bí a ṣe kọjá òpó tó kẹ́yìn, ṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n ju aṣọ dúdú bo gíláàsì iwájú. Iná ọkọ̀ mi ń tàn, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀, lójú mi, àfi bí ẹni pé kò tàn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí kì í ṣe èèyàn. Nǹkan funfun méjì kékeré ni, nísàlẹ̀, létí ọ̀dà: bí ọ̀kan bá gòkè, èkejì á sọ̀ kalẹ̀. Kí n tó bi ara mi léèrè ohun tó jẹ́, ẹsẹ̀ mi ti wà lórí bíréèkì. Ìyá àgbàlagbà kan ni, tí ó ru ìdì igi ìdáná, tí ó wọ aṣọ aláró tó dúdú bí òru fúnra rẹ̀, tí ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà sílípáàsì rẹ̀ ni nǹkan funfun yẹn. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dúró, àlàfo tó wà láàárín wa kò gùn tó tírélà kan. Ìyá náà yíjú padà, ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó ní, “Ẹ má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé o ti rí mi.” Ẹnu mi kò lè sọ nǹkan kan. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ní kí ó wọlé, a sì gbé e dé oríta abúlé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ojú èèyàn lè lò tó 20 sí 30 ìṣẹ́jú kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára pátápátá. Ní 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń lọ ní nǹkan bí 22 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ó bá gbà mí ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ láàárín ìgbà tí mo rí nǹkan àti ìgbà tí mo tẹ bíréèkì, 33 mítà ti lọ ná. Kódà lórí ọ̀dà gbígbẹ, ọkọ̀ yóò tún lọ bí i 35 mítà mìíràn kí ó tó dúró. Iná kúkúrú tí a ń tàn kí ìmọ́lẹ̀ má baà gún ẹlòmíràn lójú kì í sábà mọ́lẹ̀ kọjá nǹkan bí 50 mítà, ẹni tó wọ aṣọ dúdú kò sì ní hàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka iye yìí fúnra yín, ẹ ó rí i pé inú ohun tí n kò rí ni mò ń sáré wọ̀. Ní 50 kìlómítà ní wákàtí kan, gbogbo ibi tí ọkọ̀ máa lọ kí ó tó dúró kò ju nǹkan bí 35 mítà lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ti rí irú èyí?

Bàbá awakọ̀ kan láti Ṣábẹ̀ẹ́:

Àbúrò mi, kú ewu. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ń sọ pé ojú yín ń pẹ́ nínú òkùnkùn, kí ni kí èmi tí mo ti lé ní 60 ọdún wá sọ? Dókítà ojú ṣàlàyé fún mi pé ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú ojú ẹni 60 ọdún kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó ń wọ ojú ọmọ 20 ọdún lọ. Ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ tí ń bọ̀ sì máa ń pẹ́ lójú àgbà kí ó tó lọ.

Lọ́dọ̀ tiwa, ojú ọ̀nà tó ti Kútọnu lọ sí Parakou ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gbà lọ sí Malanville, ní ààlà Niger. Ìgbà ọyẹ́ ni tèmi ṣẹlẹ̀, eruku ti bo gíláàsì, gbogbo iná tó bá kọjú sí mi ló ń fọ́n káàkiri lórí rẹ̀. Ọ̀nà yí díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, mo sì ń wo iná ọkọ̀ kan tí ń bọ̀ lókèèrè. Lójijì, iná náà kú. Ó tún tàn. N kò rí nǹkan kan níwájú mi o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé iná ọkọ̀ kì í ṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, àfi bí nǹkan bá wà láàárín àwa méjèèjì. Mo dín eré kù. Ọkọ̀ òwú ni, ó bàjẹ́ sójú ọ̀nà gan-an, kò tan iná ẹ̀yìn. Wọ́n ti já ẹ̀ka igi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, èmi sì ti gun ẹ̀ka náà kọjá kí n tó mọ̀ pé ewé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi bò: ewé yẹn, ọ̀sán ló wà fún. Kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà fún awakọ̀. Onígun mẹ́ta pupa tó ń dán kò wọ́n ju ẹ̀mí lọ, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sẹ́yìn ọkọ̀, kì í ṣe ìdí táyà.

Oníṣòwò kan láti Àjàṣẹ́:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, èmi kì í wa ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn, àkàrà ni mo ń tà lálẹ́. Ọ̀rọ̀ ìyá onígi yẹn wọ̀ mí lára, nítorí pé “mo rò pé o ti rí mi” ni èmi náà sọ fún ọlọ́kadà kan tó fẹ́ kọlù mí. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, mo ń sọdá láàárín òpó méjì tí ọ̀kan nínú wọn ti kú. Èmi ń rí iná ọ̀kadà rẹ̀ láti òkèèrè, mo gbà pé òun náà ń rí mi. Ó yà fún mi, igbá mi dànù. Ọmọkùnrin náà ń gbọ̀n, ó ní omi ojú ọ̀nà ló ń kọ mànà sí òun lójú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo ní kí ọmọ mi dúró síbi tí mo ti sọdá, èmi sì lọ síbi tí ọ̀kadà ti ń bọ̀. N kò rí i. Ó ju ọwọ́ sókè, n kò tún rí i dáadáa. Nígbà tí ó sún sí apá òpó tó ń tàn, ojú ọ̀nà tó mọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì hàn kedere bí òjìji dúdú. Ibẹ̀ ni mo ti ń sọdá báyìí, bí ó tilẹ̀ jìnnà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, kí lẹ máa ń ṣe báyìí tí ẹ bá dé òpó tó kẹ́yìn?

Awakọ̀ láti Kétu:

Àbúrò mi, kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí 50, mo sì ń dín iná inú ọkọ̀ kù. Àwọn èrò máa ń kùn, pàápàá tí ilẹ̀ bá ti ṣú jù, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìyá mẹ́ta yẹn ló máa ń dá wọn lóhùn, kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Òun náà ló fún ìyá onígi ní aṣọ funfun. Mo rí ìyá náà lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ó ti so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mo sì ti mọ̀ pé òun ni láti ọ̀nà jíjìn, bí ọ̀kan ṣe ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀.