Ẹ gbà mí o: ṣé ṣágo wisikí Templeton ayé ìfòfindè ọtí ni mo rà yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iowa ni mo ń gbé, l'Amẹ́ríkà níbí. Lọ́jọ́ Sátidé mo ra ṣágo amọ̀ kan lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tó ń ta ẹrù àlòkù. Ọrùn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, etí ti ṣẹ́ díẹ̀, nọ́ńbà 2 nìkan ló wà lára rẹ̀. Bàbá náà búra pé wisikí Templeton ló wà nínú rẹ̀ rí.

Mo ti ka díẹ̀. Iowa ti fòfin de ọtí láti 1916, kí ìjọba àpapọ̀ tó ṣe tirẹ̀ ní 1920. Templeton, ìlú kékeré kan ní Carroll County, níbí ní Iowa, ọmọ Jámánì ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ló pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí owó irè oko já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ bá ń sè ọtí lábẹ́lẹ̀ títí òfin fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1933. Wọ́n ní Al Capone, ọ̀gá ọ̀daràn ìlú Chicago nígbà yẹn, fẹ́ràn ọtí náà gan-an. (Ọtí wo ni wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀?)

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: ṣé ọkà rye gidi (irú ọkà kan tó jọ àlìkámà) ni wọ́n ń sè, àbí ṣúgà ló pọ̀ níbẹ̀ bíi ti àwọn asèbòókẹ́lẹ́ míì? Wisikí tuntun tí wọ́n fi orúkọ Templeton gbé jáde ní 2006 kò lè dá mi lóhùn, ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti sè é. Àti pé, ṣé ṣágo amọ̀ báyìí ni wọ́n fi ń gbé e ni, àbí àgbá onígi? Ẹni tó bá mọ ohun àtijọ́ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, mo lè fi fọ́tò ìdí rẹ̀ ránṣẹ́.