Ọmọ ọdún 14 àti fóònù rẹ̀: ibo ni ẹ̀tọ́ òbí dé?

ÌyáÌkẹ́rẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, wà ní SS 1, fóònù Infinix ló ń lò. Kì í gbé fóònù sílẹ̀ lóru, àwọn nọ́ńbà tí n kò mọ̀ sì ń pè é lórí WhatsApp. Onífóònù kan tó ń tún fóònù ṣe ní òun lè fi ápù kan tó ń fara pamọ́ sí i, kí n máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí fóònù tèmi láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ṣé òfin gbà á? Bí kò bá gbà á, kí ni kí n ṣe?

Amòfin_Adó
Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kó fi í sí i. Ẹ̀tọ́ yín láti ṣọ́ ọmọ kò sọnù: abala 8 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkìtì náà ti sọ di òfin ìpínlẹ̀, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí, ó sì ní èyí kò gba àmójútó tó bójú mu kúrò lọ́wọ́ òbí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp kì í ṣe ti ọmọ yín nìkan. Ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lábẹ́ abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Abala 12 òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 sì sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà láìgbàṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 2, tàbí kó san ìtanràn tó mílíọ̀nù 5 náírà, tàbí méjèèjì. Onífóònù yẹn kò ní sọ èyí fún yín, owó iṣẹ́ ló ń wá.

Òfin ààbò dátà ti 2023 kò dá sí ohun tí ẹ ń ṣe nínú ilé yín, bí ẹ kò bá ti tẹ àṣírí ẹnikẹ́ni lójú. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ inú fóònù ọmọ sí gúrúùpù PTA, ẹ ti jáde nílé nìyẹn.

Atúnfóònùṣe_Òkèṣà
Kí irú ápù bẹ́ẹ̀ tó ṣiṣẹ́, onífóònù á pa Play Protect, ẹ̀ṣọ́ Google tó ń mú ápù burúkú, á sì fún ápù náà ní àṣẹ Accessibility, èyí tó ń jẹ́ kó lè ka ohun tó wà lójú fóònù. Fọ́tò ọmọ, ibi tó wà, gbogbo rẹ̀ á wá máa lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Ní 2021, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, lé SpyFone, ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ápù bẹ́ẹ̀, kúrò nídìí òwò yìí.

Family Link, ápù Google tí òbí fi ń ṣọ́ fóònù ọmọ, ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ ìbí tó wà lórí Gmail rẹ̀. Bó bá ti purọ́ pé 1998 ni wọ́n bí òun (wọ́n máa ń ṣe é gan-an), àgbà ni Google kà á sí. Ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, lórí fóònù tirẹ̀: Settings, Google, Parental controls. Ọmọ tó ti kọjá 13 gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ gbà, torí náà ẹ jọ jókòó ṣe é. Ẹ fi Downtime sí aago 9 alẹ́ sí 5:30 àárọ̀. Fóònù á tì, ṣùgbọ́n ó ṣì lè gbé ìpè. Kò ní fi ọ̀rọ̀ WhatsApp hàn yín o.

Ibi tó ti ń jò rèé. Palm Store, ibòmíràn tí wọ́n ti ń gbé ápù, wà lórí Infinix, Tecno àti itel, bẹ́ẹ̀ Play Store nìkan ni ọmọ ti ń tọrọ àṣẹ kó tó gbé ápù. Ẹ wá Palm Store ní Settings, Apps, kí ẹ tẹ Disable. Ẹ wo XClone náà, òun ló ń sọ WhatsApp kan di méjì. Bí ibi tí ọmọ wà kò bá yí padà láti àárọ̀, ó lè jẹ́ dátà ló tán, tàbí kí fóònù ti pa Family Link láti fi ṣọ́ bátìrì jẹ. Ẹ yẹ ètò bátìrì wò kí ẹ tó bá a jà.

Tíṣà_Ìjerò
Ti àwọn àjèjì tó ń pè é: lórí WhatsApp rẹ̀, Settings, Privacy, Calls, ẹ tan Silence unknown callers. Ẹ fi Groups àti Profile photo sí My contacts. Lóru, pálọ̀ ni kí fóònù ti máa gba iná. Ẹ ra aago alárọ́ọ̀mù fún un, torí "fóònù ni mo fi ń jí" ni àwáwí àkọ́kọ́.

ÌyáÌkẹ́rẹ́
Ẹ ṣé gan-an. Bí a bá jọ wò ó, tí mo bá rí i pé ẹnìkan ti gba fọ́tò ìhòòhò lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Amòfin_Adó
Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe bàbá rẹ̀ tàbí ọ̀gá ilé ìwé. Abala 23 òfin 2015 yẹn kò bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe: ẹ̀wọ̀n tó ọdún 10, tàbí ìtanràn tó mílíọ̀nù 20 náírà, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá ń pín in. Ẹ má pa á rẹ́ pẹ̀lú. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹni náà, ọjọ́ àti aago sórí ìwé, ẹ fi fóònù sí Airplane mode, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó tẹ Report lórí WhatsApp, láti fi ẹni náà sùn. Ọ̀rọ̀ 5 tó kẹ́yìn ló ń gbé lọ bá WhatsApp, ṣùgbọ́n ẹ yọ àmì tó ní kó pa ọ̀rọ̀ rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.