Oyè másítà lórí ewu àyípadà ojú-ọjọ́: kí ló yẹ kí n wò kí n tó yan yunifásítì?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo fi gba oyè àkọ́kọ́, iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Àwọn oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́bàá odò Ògùnpa máa ń béèrè iye tí wọn yóò máa san lọ́dún kí a lè bá wọn gbé ẹrù omíyalé, iye tí a sì ń bù fún wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń tajà lórí Òkè Màpó, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni lára wa tó mọ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀. Èyí ló mú kí n fẹ́ kàwé sí i lórí ewu tí àyípadà ojú-ọjọ́ ń fà, àti bí a ṣe ń pinnu nígbà tí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò dáni lójú.

Mo ti wo ètò WASCAL, ìyẹn àjọ ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ojú-ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Jámánì ń náwó sí: ti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, jẹ́ ti oyè ọ̀mọ̀wé lórí ètò ojú-ọjọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti Lomé ní Tógò sì ti fìgbà kan jẹ́ másítà lórí àyípadà ojú-ọjọ́ àti ààbò ọmọ ènìyàn. Mo wo ti Ìlú Ọba náà, owó rẹ̀ sì bà mí lẹ́rù. Kí ni n óò fi mọ ètò tí yóò kọ́ mi ní ìpinnu ṣíṣe, tí kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ òjò nìkan? Àti pé, ṣé ó tiẹ̀ tó àsìkò láti máa kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí bóyá òjò agbègbè wa yóò pọ̀ sí i tàbí yóò dín kù?

Bàbá Olùkọ́

Àbúrò, ìbéèrè tó o fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ ni n óò kọ́kọ́ mú. Lóòótọ́, àwọn àwòṣe kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo ọjọ́ iwájú gbà pé ooru ń pọ̀ sí i, wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun kò ní pinnu àfi tí gbogbo rẹ̀ bá dá òun lójú, ó ti pinnu náà nìyẹn, kò kàn ṣírò ohun tí ìdúró yóò ná an ni.

Wo àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, kò sì mọ̀ bóyá yóò máa bá a lọ tàbí yóò dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ká ní tó bá gbìn lónìí tí òjò sì ń rọ̀, àgbàdo tútù rẹ̀ yóò ṣáájú dé ọjà, yóò sì fi 200,000 náírà jèrè ju ẹni tó dúró lọ. Tí òjò bá dá, irúgbìn àti owó iṣẹ́ tó tó 80,000 náírà ti ṣòfò. Bí o bá ṣírò rẹ̀, gbígbìn ló sàn níwọ̀n ìgbà tí ìṣeéṣe pé òjò yóò dá kò bá ti ju ìdá 71 nínú 100 lọ (ìyẹn 200,000 tí a pín sí àpapọ̀ 280,000). Bí NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú-ọjọ́ ní Nàìjíríà, bá tilẹ̀ sọ pé ìdajì-ìdajì ni, kí ó máa gbìn ni. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ owó èlé ni àgbẹ̀ náà fi ra irúgbìn, tí àdánù 80,000 yẹn sì lè lé e kúrò lóko pátápátá, ó lè jẹ́ pé ìdúró ló tọ́ sí i. Àsọtẹ́lẹ̀ kan náà ni, ìpinnu méjì ni, kò sì sí èyí tó jẹ́ òmùgọ̀ nínú méjèèjì. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń fi irú èyí ṣe ìdánwò ni kí o wá.

Ní ti iṣẹ́ rẹ, ọ̀pọ̀ rò pé omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún, tó bá ti wáyé lónìí, ó di ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìdá 1 nínú 100 ni ìṣeéṣe rẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn ni pé ṣọ́ọ̀bù tó bá wà lójú kan fún 30 ọdún ní ìdá 26 nínú 100 láti rí i ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ojú-ọjọ́ kò bá yí padà rárá ni mo ṣe ń ṣírò yìí o.

Ẹnjiníà Omi

Ìṣirò Bàbá Olùkọ́ yè kooro, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò wọ́n díẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 ni Ògùnpa ya wọ ìgboro Ìbàdàn. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 ni èyí tó tún pa àwọn ènìyàn tó lé ní 100. Oṣù tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni méjèèjì bọ́ sí, nítorí náà mo fara mọ́ ọn pé àìdánilójú wà lóòótọ́. Àmọ́ 2014 ni Báǹkì Àgbáyé tó fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò ìdènà omíyalé Ìbàdàn, ọdún 34 lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́. Àìdánilójú òjò nìkan kọ́ ni wàhálà wa.

Ẹ tún wo ìdídò Lagdo ní Kamẹrúùnù, tí wọ́n parí ní 1982 lórí odò Bẹ́núè. Ó yẹ kí Nàìjíríà kọ́ ìdídò tirẹ̀ sí Dasin Hausa ní Adámáwá láti gba omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀. Kò parí títí di òní. Ní 2012, omíyalé lé ènìyàn tó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé; ní 2022, ó pa ènìyàn tó lé ní 600. Òjò tó rọ̀ nílé wa dá kún un, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé omi Lagdo ń bọ̀? Bí yunifásítì bá kọ́ ọ ní ìṣeéṣe láìkọ́ ọ bí owó ìsúná ṣe ń jáde, ẹni tó láṣẹ láti lé ará ìlú kúrò létí odò, àti ìdí tí gómìnà fi fẹ́ràn afárá tuntun ju gọ́tà tí wọ́n gbá lọ, ìwé ẹ̀rí lásán ló fún ọ.

Ẹ béèrè bákan náà bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣiṣẹ́ lórí àkọsílẹ̀ òjò tiwa, èyí tí ọ̀pọ̀ oṣù ti sọnù nínú rẹ̀. Dátà ilẹ̀ Yúróòpù tó pé pérépéré kò ní kọ́ yín ní ohun tí ẹ óò ṣe ní Ìbàdàn.

Ará Ìlú Ọba

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, mo gbà fún yín, àfi ti Yúróòpù yẹn. Ohun kan wà tó wúlò níbí. Ètò Thames Estuary 2100 tí wọ́n gbé jáde ní 2012 fún ààbò Lọ́ńdọ̀nù kò mú iye kan ṣoṣo tí òkun yóò fi ga kí wọ́n wá mọ odi sí i. Wọ́n to àwọn ìgbésẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sọ bí omi yóò ti ga tó kí wọ́n tó bọ́ sí èyí tó kàn, wọ́n sì ń yẹ ètò náà wò láti ìgbà dé ìgbà. Irú ètò tó fi àyè sílẹ̀ láti yí ọkàn padà báyìí ni ó yẹ kí ẹ kọ́. Kò pọn dandan kí ẹ wá san owó gọbọi níbí kí ẹ tó kọ́ ọ. Bí ẹ kò bá rí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ bíi Commonwealth tàbí Chevening gbà, ẹ jókòó sílé.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ láti òkèèrè? Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn kọ sójú ewé wọn.

Bàbá Olùkọ́

Má wo ojú ewé. Kọ̀wé sí ẹ̀ka náà, kí o tọrọ àkọlé iṣẹ́ ìwádìí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde àti ìbéèrè ìdánwò ọdún kan. Bí o bá rí i pé gbogbo àkọlé ló dá lé ìwọ̀n òjò àti ooru, tí kò sí ọ̀kan tó dárúkọ ẹni tó fẹ́ pinnu nǹkan kan, ìmọ̀ ojú-ọjọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ó dára, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ò ń wá. Ti Lomé ni n óò kọ́kọ́ kọ̀wé sí bí mo bá jẹ́ ìwọ, n óò sì bi wọ́n bóyá másítà náà ṣì wà.