Ẹyin kì í ṣe àkọ́bí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àbá tí ọ̀gá wa gbé wá lánàá fún àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń túmọ̀ sí Yorùbá nípa ẹyẹ: kí a máa pe bí ẹyin ṣe ń tẹ̀ léra nínú ìtẹ́ ẹyẹ ní "ètò ìbí ẹyin", kí èyí tó ṣáájú sì máa jẹ́ "àkọ́bí ẹyin". Ẹ má bínú, ọ̀gá, mi ò lè tì í lẹ́yìn.

Ẹyẹ kì í bí ẹyin, ó ń yé e ni. Ìyẹn kékeré. "Àkọ́bí" gan-an ló ń dà mí láàmú, torí ogún ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí a tó sọ nǹkan kan. Àwa tí Táyé ń kọ́kọ́ jáde lọ́dọ̀ wa, tí a sì ń pe Kẹ́hìndé ní ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kó yé wa pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ṣáájú, ọ̀tọ̀ ni kó jẹ́ àgbà. Ẹ wo pẹ́ńgúìnì mákárónì, ẹyẹ òkun kan: ẹyin méjì ló ń yé, èyí àkọ́kọ́ kéré, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣòfò nígbà gbogbo. Èkejì ló ń di ọmọ. Èwo wá ni àrẹ̀mọ níbẹ̀?

Ẹnìkan dá "àkọ́yé" lábàá. Ó dùn létí, àmọ́ ẹni tó ń sin adìyẹ yóò rò pé ẹyin tí sáré adìyẹ kọ́kọ́ yé láyé rẹ̀ là ń sọ.

"Àkọ́pa" ni mi ò fẹ́ rí rárá. Òótọ́ ni pé adìyẹ ń pa ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ń túmọ̀ yìí, ẹyẹ tó ń pa àbúrò rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Lékeléke máa ń fi bí ọjọ́ méjì sí àárín ẹyin kan sí òmíràn, ó sì ń sàba látorí àkọ́kọ́. Àwọn tó ṣáájú yóò ti lágbára kí ìkẹta tó yọjú, wọn a máa fi ẹnu ṣá a, wọn a gba oúnjẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì sábà máa ń kú. Ẹ wá kọ ọ́ ní "ipa ìpa àkọ́pa lórí pípa àbúrò", kí ẹ wo ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó máa kà á.

Ìyé àti ìjáde ọmọ látinú ẹyin kò sì gbọ́dọ̀ dà pọ̀. Adìyẹ mi kan yé mẹ́sàn-án lọ́dún tó kọjá, mo ń fi ẹ̀ẹ́dú kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Kò sàba títí ìkẹsàn-án fi pé. Nígbà tó di ọjọ́ 21, èèpo tí mo kọ 7 sí ló kọ́kọ́ sán, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e kí ilẹ̀ tó mọ́.

"Ipò ìyé" ni mo mú wá, àti "ipò ìjáde". Ipò kò ṣèlérí ohunkóhun fẹ́nikẹ́ni. Ní 1993, olùṣèwádìí kan, Schwabl, rí i pé họ́mọ́ọ̀nù akọ, èròjà ara tó ń fún ọmọ lágbára, ń pọ̀ sí i nínú pupa ẹyin ẹyẹ kánárì bí ìyé ti ń lọ. Ní 1997, òun àti Mock pẹ̀lú ẹnì kẹta wọn rí òdìkejì rẹ̀ lára lékeléke, ẹyin tó ṣáájú ló ní in jù. Ìyá kan ń ti ẹni ẹ̀yìn lẹ́yìn, ìyá kejì ń fi agbára kún agbára. Ní erékùṣù Isabel ní Mẹ́síkò, olùṣèwádìí mìíràn, Drummond, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ẹyẹ òkun ẹlẹ́sẹ̀ búlúù fún ọ̀pọ̀ ọdún: ọmọ kejì ń jìyà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n lójoojúmọ́, síbẹ̀ èyí tó bá yè níbẹ̀ ń dàgbà, ó ń yé, ó ń tọ́mọ bíi ti ẹ̀gbọ́n. (Ẹ rí i, èmi náà ti pè é ní ẹ̀gbọ́n!)

Ọ̀gá, ẹ bá wa yí ìlà náà padà sí "ipò ìyé" nínú àkójọ wa. "Ìjáde" ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn tán. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń sin ẹyẹlé, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ń pè é.