Ta ni ó lè gba ipò Derek Jeter?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kí ló fà á tí ó fi nira fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball Yankees ti New York láti rí arọ́pò fún Derek Jeter ní ipò shortstop, ìyẹn ẹni tí ń ṣọ́ àlàfo tó wà láàárín ibùdó kejì àti ìkẹta, nígbà tí gbogbo ayé ti rí i pé àgbà ti ń dé sí i?

Ìdáhùn kìíní: Wọn kò fẹ́ fọwọ́ kan ipò Jeter, tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́, ni. Nígbà tí Alex Rodriguez dé ní 2004, tí òun náà jẹ́ ògbóǹtarìgì shortstop, òun ni wọ́n ní kí ó lọ sí ibùdó kẹta. Lẹ́yìn tí ọrùn ẹsẹ̀ Jeter kán ní oṣù kẹwàá 2012, eré 17 péré ni ó kópa nínú rẹ̀ ní 2013, adelé lásán sì ni Eduardo Núñez àti Jayson Nix.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀wọ̀ Didi Gregorius, ẹni tó gba ipò náà lẹ́yìn tí Jeter fẹ̀yìn tì ní 2014, wọ̀ ọ́. Ní eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2015, nígbà tí ẹgbẹ́ Toronto ti fi 6 sí 1 ṣíwájú, ó gbìyànjú láti jí ibùdó kẹta, ìyẹn ni pé ó fẹ́ sáré dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì mú un. Ariwo èrò kò kéré rárá. Síbẹ̀ kò sọ̀rètí nù, ó sì gbá home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a gbá kọjá odi pápá, 27 ní 2018.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Sùúrù tí wọ́n ní fún Gregorius gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n ní fún Anthony Volpe náà, ẹni tó di shortstop Yankees ní 2023.