Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ya ewé tí oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ fọ́tò yà, ẹ gbà mí o. Peckham ní London ni mò ń gbé, àwọn igi pápá Peckham Rye ti ń wọ́wé báyìí, òmíì pọ́n, òmíì yẹ́lò, ìyẹn ni mo fẹ́ fi kọ́ kámẹ́rà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà (tòkunbọ̀ ni o, lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 ló wà lẹ́nu ẹ̀). Oòrùn ibí kì í gòkè púpọ̀ lóṣù October, ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń tàn wá, tí mo bá wá gbé ewé kọjú sí i, gbogbo iṣan inú ẹ̀ á hàn kedere, ó rẹwà lójú gan-an, àmọ́ nínú fọ́tò ewé á dúdú bí èédú, àbí kójú ọ̀run funfun báláú. Ṣé spot metering (kí kámẹ́rà wọn ìmọ́lẹ̀ ojú ibì kan ṣoṣo) ni kí n lò ni àbí kí n kàn fi exposure compensation sí +1, kí fọ́tò lè mọ́lẹ̀ sí i? White balance auto (ibi tí kámẹ́rà ti ń tún àwọ̀ ṣe fúnra ẹ̀) náà ń pa àwọ̀ pupa yẹn, mo yí i sí cloudy, ó sàn díẹ̀.

Nínú ilé ńkọ́, mo gbé elégédé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fi páálí funfun dá ìmọ́lẹ̀ padà, ìyẹn dáa. Àbẹ́là nìkan ló ń dààmú mi, ISO 3200 (ibi tí mo ti ń mú kí kámẹ́rà túbọ̀ rí ìmọ́lẹ̀) ń mú un rí hóró-hóró, mi ò sì ní tripod, orí ìwé ni mò ń gbé kámẹ́rà lé. Ẹ má ní kí n lọ ra lẹ́ǹsì tuntun o, owó ò sí.