Laptop tuntun mi kò gbéra láti orí fíláàṣì: ìmọ̀ràn yín o

Màmá_Tẹ̀wé
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni mo ní lẹ́bàá South Gate FUTA, l'Ákùúrẹ́ níbí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra laptop tuntun, Windows 11 ló bá a wá, ṣùgbọ́n Linux Mint, ètò tí èèyàn lè fi rọ́pò Windows, ló ti mọ́ mi lọ́wọ́. Fíláàṣì tí àbúrò mi fi bá mi gbé Mint sórí laptop àtijọ́ ṣì wà nílé. Tí mo bá kì í bọ èyí àtijọ́, wẹ́rẹ́ ni. Tí mo bá kì í bọ tuntun, iná ara fíláàṣì á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, Windows á sì wọlé bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Ẹnì kan lọ́nà Ọjà Ọba ní kí n mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá. Ṣé kí n gbé e fún un ni, àbí kí n ra fíláàṣì mìíràn?

Àgbà_Wáyà
Màmá, ẹ fowó yín sápò ná. Bọ́tìnnì wo lẹ tẹ̀ nígbà tó ń tàn? Tí ẹ ò bá tẹ nǹkan kan, Windows inú rẹ̀ náà ló máa gbé. Tó bá jẹ́ HP, ẹ máa tẹ Esc léraléra, kí ẹ wá tẹ F9. Dell àti ọ̀pọ̀ Lenovo, F12 ni.

Tí ìyẹn bá sú yín, ẹ di Shift mú nínú Windows, kí ẹ tẹ Restart. Ojú búlúù kan á jáde. Ẹ yan "Use a device". Kò ní sí pé à ń sáré tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń ta ayò.

Ọmọ_Obanla
Ẹ pa Secure Boot, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ohun tí laptop fẹ́ gbé wò bó bá ń tàn, ó parí.

Àńtí_Alágbàka
Ẹ má tíì pa nǹkan kan o! Windows 11 sábà máa ń ti dísìkì pa fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Ẹ yí Secure Boot padà, ó lè ní kí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ìyẹn ohun tó ti dísìkì náà pa, wá, nọ́ńbà 48 gbáko. Mo kù gìrì ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, iná ti lọ, dátà ti tán. Fóònù ìyá mi ni mo fi wọ aka.ms/myrecoverykey, níbi tí Microsoft tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà sí, òun ń mú tọ́ọ̀ṣì dání, èmi ń ka nọ́ńbà mẹ́fà mẹ́fà sétí ara mi. Ẹ kọ́kọ́ kọ tiyín sínú ìwé. Mint tuntun kò tiẹ̀ nílò kí ẹ pa Secure Boot.

Àgbà_Wáyà
Òótọ́ ni àńtí sọ. Màmá, ẹ bá mi bi àbúrò yín: kí ni orúkọ fáìlì Mint tó gbà nígbà yẹn?

Màmá_Tẹ̀wé
Mo tẹ F12, orúkọ fíláàṣì kò sí níbẹ̀ rárá. Àbúrò mi ní Mint 19.3 ni, ó parí sí "32bit". Ó ní laptop àtijọ́ náà kò lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbà_Wáyà
A ti rí i. Mint 32-bit, irú ti kọ̀ǹpútà àtijọ́, BIOS nìkan ló mọ̀, ìyẹn ètò àtijọ́ tó ń jí laptop. Laptop tuntun yín, UEFI, arọ́pò BIOS, ló ń lò, kò sì rí ohun tó lè gbé lórí fíláàṣì yẹn. Kì í ṣe pé fíláàṣì bàjẹ́, ẹ má ra òmíràn. Láti Mint 20, ti ọdún 2020, wọn ò ṣe 32-bit mọ́. Ẹ gba ẹ̀dà tuntun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó GB 3, kí ẹ fi Rufus, ètò tó ń kọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sórí fíláàṣì, kọ ọ́. Ẹ má kàn da fáìlì Mint náà (ISO) sórí rẹ̀ bí ẹni ń da orin o, kò ní gbéra. Ohun tó wà lórí fíláàṣì náà á pa rẹ́, ẹ kó o kúrò ná.

Ọmọ_Obanla
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Màmá, ẹ má bínú.

Màmá_Tẹ̀wé
Ẹ ṣeun gan-an. Òru ni mo fi gba fáìlì náà, dátà òru ló dínwó. Láàárọ̀ yìí mo tẹ F12, "UEFI" jókòó síwájú orúkọ fíláàṣì mi. Mo kọ nọ́ńbà 48 náà sẹ́yìn ìwé rìsíìtì, n kò sì fọwọ́ kan Secure Boot. Mint ti wọlé láti orí fíláàṣì, n kò tíì gbé e sórí dísìkì. Wi-Fi ń ṣiṣẹ́. Ó ku printer: ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń mú un gbọ́ràn?